Ojúlówó Tìróò: Ìtàn Òkúta Dídán Kan Lọ́jà Mushin

Lórí àtẹ àwọn lékúlẹ́jà ní ọjà Ojúwòyé, ní Mushin, nǹkan kì í wọ́n. Ẹfun wà níbẹ̀, osùn wà, imí ọjọ́ aláwọ̀ ìyeyè wà, álọ́ọ̀mù tó mọ́ bíi yìnyín wà, kán-ún náà kò gbẹ́yìn. Láàrin wọn ni òkúta dúdú kan jókòó sí. Bí oòrùn bá kàn án, á kọ mànà bíi dígí. Tìróò nìyẹn.

Ẹni tó mọ tìróò í rà kì í kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Á gbé òkúta náà lé àtẹ́lẹwọ́, á jù ú sókè díẹ̀, á hán an, á tún yí i sí oòrùn. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ti pẹ́ lọ́jà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ lọ á wá jáde: "Màmá, ṣé ojúlówó ni?" Ìtàn ìbéèrè yẹn ni ìtàn tìróò l'Ékòó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́ nínú ìdáhùn rẹ̀.

Ọwọ́ ló ń ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Tìróò wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Òkúta tí a ń gbá lẹ́sẹ̀ lójú títì fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ omi lọ ní wíwúwo. Ti tìróò tó ìlọ́po méje ààbọ̀. Ìdí nìyí tí ègé kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ fi ń fa ọwọ́ wálẹ̀, tí ẹni tí kò rà á rí á fi máa wò ó tìyanu-tìyanu.

Òòlù ló kàn. Òkúta mìíràn á fọ́ jákujàku, tìróò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ òòlù bá ti kàn án báyìí, onígun mẹ́rin-mẹ́rin ló ń ya, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tẹ́jú, igun rẹ̀ á gún régé, bíi kóró ṣúgà St. Louis tí wọ́n fi fàdákà bò. Ẹ tún fọ́ ọ̀kan nínú wọn, onígun mẹ́rin kéékèèké ló máa tún yà, títí tí ojú kò fi ní rí igun rẹ̀ mọ́. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ á máa dán gbinrin. Ibi tó ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ á ti ṣá. Ìyá ọlọ́jà tó mọṣẹ́ kì í fi ibi tó ti ṣá han oníbàárà lásán. Á fọ́ ọ níṣojú rẹ̀ ni, kí dídán inú òkúta fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí.

Ìgbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán ni ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù lọ ń wáyé. Ọlọ kékeré ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́. Oníbàárà á mú ìwọ̀nba díẹ̀ sáàrin àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, á máa fi ra ara wọn. Bó bá ṣì ń ha ìka, kò tíì kúnná tó ohun tí ń wọ ojú. Bó bá rí lúbúlúbú, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, á fà á sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ìlà tó fà gbọ́dọ̀ dúdú, kó sì ní dídán díẹ̀ nínú, bíi ti òjé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ gé.

Nítorí pé ayédèrú pọ̀ ni gbogbo wàhálà yìí. Èédú lílọ̀ ló sún mọ́ ọn jù lójú, ṣùgbọ́n èédú fúyẹ́: bí a bá ju kóró rẹ̀ sínú ife omi, á léfòó, nígbà tí kóró tìróò á rì lọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsùlù náà rọ̀, ó sì ń dán, àmọ́ kò wúwo tó tìróò rárá. Òkúta irin dúdú wúwo ní tirẹ̀. Òòfà ló ń tú àṣírí rẹ̀, nítorí pé òòfà kì í gbé tìróò. Òkúta kan sì wà tó ń dán bíi wúrà, tí òun náà máa ń ya onígun mẹ́rin látinú ilẹ̀ wá. Líle rẹ̀ ló ń dá a mọ̀: ó ń ha dígí. Tìróò rọ̀ ní tirẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n tí Friedrich Mohs, ará Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812 láti fi wọn líle òkúta láti 1 dé 10, bíi 2.5 péré ni tìróò. Kọ́bọ̀ onídẹ ayé àtijọ́ á ha á.

Ìwúwo, bí òkúta ṣe ń là, àwọ̀ ìyẹ̀fun rẹ̀, líle rẹ̀: ohun mẹ́rin yìí gan-an ni wọ́n ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òkúta ní Yunifásítì Èkó, ní Àkọkà, nígbà tí wọ́n bá kó òkúta síwájú rẹ̀ pé kó sọ orúkọ wọn. Àwọn ìyá tó wà ní Ojúwòyé àti Ọ̀yìngbò kò kọ́ ọ nínú ìwé. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ ìyá tiwọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá pè wọ́n ní aláìmọ̀kan kò tíì dúró wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Galena ni orúkọ òkúta náà lẹ́nu àwọn onímọ̀. Nǹkan méjì péré ló para pọ̀ di í: òjé àti imí ọjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, imí ọjọ́ kan náà tó wà lórí àtẹ lékúlẹ́jà. Ẹni tó bá fi èérún tìróò sórí ẹyin iná á gbọ́ òórùn rẹ̀ kedere. Òjé náà kì í sì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àwọn ẹlẹ́sìn Ọbàtálá ń fi ẹ̀gbà òjé sọ́wọ́ láti ayébáyé. Nínú 100 gíráàmù galena tó mọ́, gíráàmù 86.6 jẹ́ òjé. Ẹ jẹ́ kí iye yẹn wà lọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Òkúta mìíràn wà tí wọ́n máa ń ṣì mú fún un. Stibnite ni wọ́n ń pè é. Antimony ni irin inú rẹ̀, kì í ṣe òjé. Òun náà dúdú, òun náà ń dán, òun náà rọ̀. Ṣùgbọ́n kò wúwo tó galena, gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kóró rẹ̀ máa ń rí dípò onígun mẹ́rin, iná àbẹ́là lásán sì tó láti yọ́ ọ. Àṣìmú yìí ti pẹ́. Nígbà tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Kánò ní 1824, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé antimony àti tánganran wà lára ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀, àti pé ilẹ̀ náà ló mú méjèèjì jáde. Antimony ni àwọn òyìnbó ìgbà náà ń pe gbogbo ohun tí wọ́n bá rí lójú àwọn obìnrin, ì báà jẹ́ stibnite, ì báà jẹ́ galena. Galena ni ilẹ̀ Nàìjíríà ní lọ́pọ̀ yanturu: ó wà ní Zurak, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ó wà ní Arufu lágbègbè odò Benue, ó wà ní Enyigba nítòsí Abakaliki, ó sì wà ní Ishiagu.

Báwo ni òkúta láti ilẹ̀ tó jìnnà bẹ́ẹ̀ ṣe wá di ọjà Èkó? Kí rélùwéè tó dé, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti orí ènìyàn ni ẹrù ilẹ̀ Hausa ń gbà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, Ìlọrin sì ni ẹnubodè rẹ̀. Obì ń lọ sókè; kán-ún, awọ àti tìróò ń sọ̀ kalẹ̀. Ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Nígbà tó di 1896, ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Ìddó. Ó dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Nígbà tó fi máa di 1912, ọkọ̀ ti ń lọ láti Èkó dé Kánò. Afárá tó gba orí odò Ọya kọjá ní Jẹ́bbà parí ní 1916. Ìrìn ọ̀sẹ̀ wá di ti ọjọ́ díẹ̀.

Ilẹ̀ tí rélùwéè wá já sí yìí ni Mainland tòní. Ìddó ni ibùdókọ̀ rẹ̀, Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ọjà Ọ̀yìngbò, ọjà tí kì í mọ̀ pé ẹnì kan kò wá, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Àwọn Hausa tó bá ẹrù wá kò padà tán. Wọ́n tẹ̀dó sí Àgége nítorí obì, wọ́n tẹ̀dó sí Ìdí-Àràbà láàrin Mushin àti Súrùlérè, níbi tí Ilé Ìwòsàn Ńlá Yunifásítì Èkó tí a mọ̀ sí LUTH ti wá bá wọn nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ láwọn ọdún 1960. Tozali ni àwọn ń pe tìróò, èyí tí wọ́n bá ti lọ̀ kúnná a máa jẹ́ kwalli. Oníbàárà Yorùbá á ní tìróò, ọlọ́jà Hausa á ní tozali, òkúta kan náà á sì wà láàrin wọn lórí àtẹ.

"Lé" ni Yorùbá ń sọ: wọ́n ń lé tìróò. Ọ̀rọ̀ náà bá iṣẹ́ náà mu, nítorí eteetí ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń gbà, lábẹ́ ìpénpéjú, kò gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Ọ̀pá náà lè jẹ́ igi, ó lè jẹ́ ìyẹ́ ẹyẹ, ti olówó a máa jẹ́ idẹ. Àdó kékeré tàbí ìgò ni wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lààlì á wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ìyàwó, tìróò á wà lójú rẹ̀, àwọn tó wá wò ó á sì máa pè é ní ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Àwọn ọkùnrin náà ń lé e. Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n sí ohun tí sunna fọwọ́ sí, nítorí pé hadisi sọ pé Ànábì Muhammad gba àwọn ènìyàn níyànjú láti máa lé ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n ń pè ní ithmid sójú. Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀ àti lọ́jọ́ Iléyá, àlùfáà tó wọ jálámíà funfun a máa ní ìlà dúdú tín-ín-rín lábẹ́ ìpénpéjú.

Ọmọ tuntun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìrònú jù. Àwọn ìyá àgbà gbà pé tìróò á jẹ́ kí ẹyinjú ọmọ tóbi, kó mọ́, kí ojú rẹ̀ má sì máa ṣe ipin. Bí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tán, tí wọ́n fi òrí pa á lára, tìróò ló kù. Ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, kò sí ìkà kankan níbẹ̀.

Láwọn ọdún 1970, ojú títì Mushin fúnra rẹ̀ sọ ojú lílé di nǹkan ńlá. Ní Ìdí-Òró ni Shrine, ilé ijó gbajúmọ̀ olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, wà, ilé rẹ̀ Kalakuta sì wà ní 14 Agege Motor Road, kí àwọn sójà tó dáná sun ún ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, 1977. Àwọn obìnrin tó ń jó, tó sì ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀, tí ó gbé 27 nínú wọn níyàwó lẹ́ẹ̀kan náà ní 1978, ní ọ̀ṣọ́ ojú tiwọn. Ẹfun ni wọ́n fi ń tò ojú bíi ìràwọ̀, ìlà dúdú sì yí ẹyinjú wọn ká. Àwòrán wọn ti yí ayé po. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wò ó ní ìlú òyìnbó kò mọ̀ pé irú ọ̀ṣọ́ yìí jẹ́ ohun tí ọmọ Mushin lè rà lórí àtẹ lékúlẹ́jà.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló fẹ́ràn òkúta yìí. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti ń wa galena ní Gebel Zeit, létí Òkun Pupa, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń kó ìgò rẹ̀ ti òkú sínú ibojì.

Tìróò tiwa náà ti rìn dé òkè òkun. Ní 2011, wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọmọkùnrin kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Nàìjíríà ni ìdílé rẹ̀, oṣù mẹ́fà péré ni òun. Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, máíkírógíráàmù 13 nínú ìdá kan lára mẹ́wàá lítà. Àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wá ibi tí òjé lè gbà wọlé, wọ́n sì rí i: tìróò láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń lé fún un. Wọ́n gbé ìyẹ̀fun náà lọ yẹ̀ wò. Nínú 100, 82.6 rẹ̀ jẹ́ òjé. CDC, àjọ tó ń mójú tó ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn náà jáde ní oṣù kẹjọ, 2012, ọ̀rọ̀ Yorùbá náà "tiro" sì wà nínú àkọlé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí iye tó wà lọ́kàn wa. Galena tí kò lábùlà kankan, 86.6 ni òjé inú rẹ̀. Ti ọmọ yìí jẹ́ 82.6. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ìyẹ̀fun náà jẹ́ galena dé ìwọ̀n bíi 95 nínú 100. Kò sẹ́ni tó pò ó mọ́ èédú. Ẹni tó tà á kò parọ́, ẹni tó rà á kò jìn sọ́fìn oníjìbìtì. Ojúlówó ni. Gbogbo ìdánwò tí àwọn ìyá wa mọ̀, ìwúwo, dídán, igun mẹ́rin, ìlà ẹ̀yìn ọwọ́, ni òkúta náà ìbá yege nínú wọn. Yíyege yẹn gan-an ló sì ń pa ọmọ lára, nítorí pé òjé ló wúwo, òjé ló ń dán, òjé ló ń fa ìlà náà dúdú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun fún àwọn oníṣègùn. Ní 1984 ni ìwé ìròyìn Public Health ti gbé ìwádìí kan jáde lórí oògùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà tó ní òjé nínú. Ohun tí òjé ń ṣe kò ṣòroó ṣàlàyé. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ìwọ̀nba tó bá gbé mì á wọ ẹ̀jẹ̀, á dé ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, á sì fara pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara ọmọdé ń fa òjé mu ju ti àgbà lọ. Ojú ọmọ náà lè máa dán, kó má sunkún, kó má gbóná, síbẹ̀ kí ó máa pàdánù òye tí yóò fi kàwé lọ́la. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu. Ibi tí òjé bá ti pọ̀, ikú ló ń mú wá: ní 2010, ní àwọn abúlé Zamfara tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú, ọmọdé tó kú lé ní 400.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi àṣà Yorùbá ṣẹ̀sín. Ojú lílé dára, ẹwà rẹ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́, iyì ló sì jẹ́ fún ìyàwó àti fún àlùfáà. Òjé inú rẹ̀ ni ọ̀tá. Àti pé kí òkúta yìí tún máa kan ojú ọmọ ọwọ́ kankan, ní Mushin tàbí ní Boston, kò bójú mu mọ́ rárá.

Ìtumọ̀ "ojúlówó" ti wá yí padà pátápátá báyìí. Èédú tí àwọn ìyá wa ń pè ní ayédèrú kò ní òjé nínú; dúdú èédú tí wọ́n ti sọ di mímọ́, àti ìpẹtà irin, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ pẹ́ńsùlù ojú tí wọ́n ń tà ní Yábàá, ní àwọn ṣọ́ọ̀bù Tẹ̀júoṣó tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn tí iná jó ọjà náà ní 2007. Amẹ́ríkà kò gba tìróò olójé láàyè rárá nínú ohun ìṣaralóge. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré láti ìlú òkèèrè náà wà lọ́jà, pẹ̀lú àwòrán ojú obìnrin lára páálí, ojú lásán kò sì lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ ọwọ́ tó ń dá òkúta mọ̀ kò lè ran oníbàárà lọ́wọ́ níbi tí ìyẹ̀fun bá ti wà nínú ìgò tí wọ́n ti dì.

Níbòmíràn, àwọn kan ń díwọ̀n galena yìí lọ́nà tó ṣe tààrà. Àwọn tó ń wà á ní Enyigba àti Zurak ń tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun láti yọ́ ọ. Àwọn yẹn kò bìkítà fún dídán rẹ̀. Wọ́n á mú díẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síbi àyẹ̀wò, iye òjé tó wà nínú 100 ni wọ́n á sì fi san owó. Nǹkan kan náà ni ọwọ́ ìyá tó wà ní Ojúwòyé ń wọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ ni òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Bí oníbàárà bá ti gbà pé òkúta náà dáa, lékúlẹ́jà á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, á fọ́ ọ, á lọ̀ ọ́, á jọ̀ ọ́. Eruku rẹ̀ á fò díẹ̀, á bà lé orí àtẹ. Á pọ́n ìyẹ̀fun náà sínú ìwé, á ká igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa dà, á sì nà án sí oníbàárà. Ìka rẹ̀ méjèèjì á ti di aláwọ̀ eérú. Á fi wọ́n nu ìrò, á gba owó, á ka ṣéńjì. Lẹ́yìn náà, á fa abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀ tó ti ń tutù lábẹ́ àtẹ jáde, á tú ewé rẹ̀, á sì máa fi ọwọ́ jẹun.